Porsche 911, ọ̀nà Safari àti Björn Waldegård: ìṣẹ́gun tí ó gba ogójì ọdún

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, wa ọkọ̀ Porsche 911 àtijọ́ gba orí àwọn ọ̀nà eléruku Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tì í, ó ń ka ìwé ọ̀nà sí i létí. Nígbà tí eré parí, àwọn méjèèjì ló gbégbá orókè nínú ìdíje East African Safari Classic. Björn Waldegård ni orúkọ bàbá, Mathias ni ọmọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn lè rò pé fàájì àgbàlagbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1971 ni ilé iṣẹ́ Porsche ti Jámánì ti ń wá irú ìṣẹ́gun yìí lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, Waldegård yìí kan náà ni wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ lé lọ́wọ́ léraléra, tí kò sì bọ́ sí i. Mo fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ìdíje tí wọ́n ti ń pàdánù yẹn, ọkọ̀ wọn wà lára àwọn tó yára jù tó wà níbẹ̀.

Ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Safari, eré ìje ráli ọlọ́nà jíjìn ti ìlà-oòrùn Áfíríkà, láti fi sàmì ìdádé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, nígbà tí Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika (apá tó pọ̀ jù nínú Tàǹsáníà òde òní) ṣì wà lábẹ́ àkóso àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láyé ìgbà náà, lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, àsìkò ọdún Àjíǹde ni wọ́n máa ń sá a, àsìkò yẹn sì ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nà rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń fi sá a. Ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ eré ìje ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti máa ń ti ọ̀nà pa kí awakọ̀ lè sáré níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ní Safari, wọ́n á fún awakọ̀ ní iye ìṣẹ́jú tí ó gbọ́dọ̀ fi dé ibùdó àyẹ̀wò tó kàn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì fi pẹ́ yóò di ẹrù ìjìyà sí i lọ́rùn. Ẹni tí ìjìyà rẹ̀ bá kéré jù lọ ló borí. Lójú ọ̀nà kan náà ni bọ́ọ̀sì akérò, lọ́rì, agbo màlúù àwọn Màsáì àti àgùnfọn wà, kò sì sí ẹni tí yóò bá awakọ̀ lé wọn kúrò. Ní ọdún 1963, ọkọ̀ méje péré ló parí eré náà nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1968, méje náà ni.

Ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò borí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku tó wà ní agbègbè bí Amboseli máa ń kúnná débi pé yóò kún inú kòtò dẹ́nu, tí ojú ọ̀nà yóò tẹ́jú pẹrẹsẹ lójú ẹni tó ń bọ̀, tí táyà yóò sì já wọ inú ihò tó jìn dé orúnkún. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ dúdú apá ibòmíràn yóò di ọ̀dà, yóò máa lẹ̀ mọ́ táyà títí tí àyè tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ yóò fi dí pátápátá, táyà kò sì ní lè yí mọ́. Àwọn ipa odò tó gbẹ táútáú ní àárọ̀ lè kún àkúnya kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí òjò tó rọ̀ lórí òkè tí ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ rí. Ní irú ibi báyìí, awakọ̀ tó bá mọ ibi tó yẹ kí òun ti dẹ ẹsẹ̀ ló ń pẹ́ lórí eré.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì Porsche 911 wà ní ìdí ọkọ̀ pátápátá, ó kọjá táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn. Láyé ìgbà náà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ tí òkúta lè lu jò, ìyẹn nìkan sì ti tó àǹfààní ńlá níbi tí òkúta pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Nítorí pé ìwúwo ẹ́ńjìnì tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, táyà náà sì ni ẹ́ńjìnì ń yí, ọkọ̀ náà máa ń di ẹrọ̀fọ̀ mú níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń yọ̀. Waldegård ti fi 911 gba eré ìje Monte Carlo ní ọdún 1969 àti 1970, ó sì ti fi gba ti ìlú rẹ̀, Súwídìn, ní ọdún mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn láti 1968. Kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ náà jù ú lọ.

Àmọ́ ibi tí àǹfààní yẹn ti wá ni wàhálà náà ti wá. Ẹni tó bá ti di àpò gàrí méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rí, tí ó sì gun kẹ̀kẹ́ náà kọjá lórí gbòǹgbò igi, yóò mọ ibi tí ìyà ń bọ́ sí. Nígbàkigbà tí 911 bá fò tó sì balẹ̀, ẹ̀yìn ló ń fi gbà á. Apá irin méjì kan wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló so táyà ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ̀ díẹ̀ péré, táyà yóò dà sí ẹ̀gbẹ́, ṣáfùtù tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wá sí táyà yóò máa ṣiṣẹ́ ní wíwọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ṣẹ́. Lórí ọ̀nà ọlọ́dà, awakọ̀ lè má fura sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lórí ọ̀nà Safari, wákàtí kan ti pọ̀ jù.

Ní ọdún 1971, Porsche kó 911 S mẹ́ta wá sí Kẹ́ńyà. Waldegård wa ọ̀kan, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ Åke Andersson wa ọ̀kan, Sobiesław Zasada ti ilẹ̀ Pólàǹdì wa ìkẹta. Zasada nìkan ló parí, ó ṣe ipò karùn-ún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Zasada tún padà wá pẹ̀lú Porsche, ó sì ṣe ipò kejì lẹ́yìn Hannu Mikkola, ọmọ ilẹ̀ Finland tó wa Ford Escort. Ìṣẹ́gun Mikkola yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé láti ọdún 1953, àwọn awakọ̀ tó ń gbé ní ìlà-oòrùn Áfíríkà nìkan ló ti ń gba Safari. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ní Yúróòpù wá gbà pé ọ̀nà náà ṣeé ṣẹ́gun.

Ọdún 1974 ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà, Waldegård àti afọ̀nàhàn rẹ̀, Hans Thorszelius, sì ti gba iwájú nínú 911 Carrera RS, kí nǹkan tó já níbi ìdè táyà ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, àkókò ti lọ. Ẹni tó kọjá wọn ni Joginder Singh, pẹ̀lú Mitsubishi Lancer kékeré tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ. Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Ọmọ ìran Síìkì ni, Kericho ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1932, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó sì kọ́. Ní ọdún 1965, òun àti àbúrò rẹ̀ Jaswant ra Volvo PV544 àlòkù, tí wọ́n ti fi sá Safari kan kọjá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi gba ipò kìíní. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi eré wá ọ̀ràn. Bí ìró kan bá yí padà lábẹ́ ọkọ̀, etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ kí afọ̀nàhàn tó sọ̀rọ̀. Waldegård parí sí ipò kejì. Nígbà tí Joginder tún gba Safari ní ọdún 1976, Lancer náà ló tún fi gbà á.

Porsche padà wá ní ọdún 1978, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wọ́n gbé 911 SC méjì wá, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ilé iṣẹ́ ọtí Martini, ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ lítà mẹ́ta, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 250. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè débi pé àlàfo tó wà láàárín abẹ́ rẹ̀ àti ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 28; ẹni tó bá mọ bí 911 ṣe máa ń fi ikùn wọ́lẹ̀ nígboro yóò mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn. Waldegård àti Thorszelius wà nínú ọ̀kan. Vic Preston Kékeré, ọmọ Kẹ́ńyà tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ gbajúmọ̀ nínú Safari láti ìbẹ̀rẹ̀, wà nínú ìkejì. Lójú àwọn ará Jámánì, kò tún sí ohun tó kù.

Peugeot ló dúró dè wọ́n. Kẹ́ńyà ti mọ Pijó dáadáa: 404 ti gba Safari ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968, Ove Andersson sì ti fi 504 gbà á ní ọdún 1975. Ní ọdún 1975 yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń to Pijó pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà àwa tí wọ́n fi Pijó 504 gbé gba àwọn ọ̀nà tí kò dára nílẹ̀ yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí ọkọ̀ náà lè fara dà. Èyí tí wọ́n gbé wá sí Safari lọ́dún 1978 jẹ́ onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnì V6 lítà 2.7 ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju Porsche lọ, kò sì lè bá a sáré lórí ọ̀nà tó tẹ́jú. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Pierre Nicolas, ló wà á, Jean-Claude Lefèbvre sì ni afọ̀nàhàn rẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Nicolas yìí ti gba Monte Carlo ní oṣù kìíní ọdún náà, Porsche 911 ló sì fi gbà á. Kì í ṣe ọkọ̀ ilé iṣẹ́ o. Gáréèjì àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Alméras ló ni ín. Ẹni tó fi Porsche borí ní àárín yìnyín ni ó tún wá fi Pijó na Porsche nínú ẹrọ̀fọ̀.

Waldegård ló kọ́kọ́ gba iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀, ìdè táyà náà ni, àkókò sì tún ń jò lọ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nicolas ṣe ipò kìíní, Preston ṣe ipò kejì, Rauno Aaltonen tó wa Datsun ṣe ipò kẹta, Waldegård bọ́ sí ipò kẹrin. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Porsche ti ṣe ipò kejì, ní ọdún 1972, 1974 àti 1978, kò sì gba ipò kìíní rí nígbà tí Safari jẹ́ ìdíje àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé oríire ló kọ̀ wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan tó bá já ní 1974 tó tún dá wàhálà sílẹ̀ ní 1978, ní apá kan náà lára ọkọ̀, kọjá ọ̀rọ̀ orí. Ìṣirò Safari kò bìkítà nípa ẹni tó yára jù láàárín ibùdó méjì. Ohun tó ń wò ni ẹni tó dúró pẹ́ jù tàbí tó dúró kéré jù láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ọkọ̀ tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ní òwúrọ̀, tó sì dúró fún ìdajì wákàtí ní ọ̀sán nítorí irin kan, ti fi ogún ìṣẹ́jú rẹ̀yìn. Wọ́n gbé 911 sókè, wọ́n fi agbára kún un, eré tí wọ́n fi kún un yìí sì ń mú kí ó fò ga sí i, kí ó sì máa balẹ̀ lórí apá irin kan náà pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Peugeot ní tirẹ̀ ti ń ta ọkọ̀ ní Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbé e wá síbi eré.

Ẹ̀rí pé kì í ṣe awakọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó wà nílẹ̀. Waldegård fi Ford Escort gba Safari ní ọdún 1977, ọdún kan ṣáájú ìjákulẹ̀ kejì yẹn. Ní ọdún 1979, òun ni ó kọ́kọ́ di akọni àgbáyé nínú eré ìje ráli, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè náà fún àwọn awakọ̀. Ó tún fi Toyota Celica gba Safari ní ọdún 1984, 1986 àti 1990. Ẹni ọdún 46 ni nígbà tó gba ti ìkẹyìn yìí, kò sì sí ẹni tó dàgbà jù ú lọ tó borí nínú ráli àgbáyé títí Sébastien Loeb fi kọjá rẹ̀ ní ọdún 2022. Porsche pẹ̀lú kò jókòó lásán: ó gba eré Paris–Dakar gba inú aṣálẹ̀ ní ọdún 1984 àti 1986. Safari nìkan ni kò rí mú.

Ní ọdún 2003, láti fi sàmì àádọ́ta ọdún Safari àkọ́kọ́, wọ́n dá East African Safari Classic sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì ń yí táyà méjì péré ni wọ́n ń gbà, irú àwọn tó máa ń sáré níbẹ̀ láyé Joginder. Àwọn ọ̀nà náà kò yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ yí padà. Wọn kò sáré mọ́jú mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn awakọ̀ á lọ sùn, àwọn mẹkáníìkì á sì ṣí abẹ́ ọkọ̀ wò. Waldegård àti Mathias gba ti ọdún 2007 pẹ̀lú Ford Escort. Porsche ló tún kù.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi sáré ní 2011 wá láti gáréèjì ìdílé Tuthill, ní agbègbè Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe 911 fún irú ọ̀nà báyìí, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é fi hàn pé wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Wọ́n á tú ọkọ̀ náà títí yóò fi ku agbárí irin nìkan, wọ́n á wá jó àwọn ojú ìsopọ̀ irin rẹ̀ pọ̀ láti òkè délẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ kàn ti fi ẹnu iná kàn án káàkiri lásán. Wọ́n á fi irin kún àwọn apá ẹ̀yìn yẹn, wọ́n á fi páànù irin tó nípọn bo abẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì tó lè gba ìnira fún wákàtí púpọ̀ láì gbóná jù sí i. Táńkì epo ńlá àti àpòjù táyà á wà níwájú, kì í ṣe nítorí epo àti táyà nìkan, nítorí pé ìwúwo wọn ń bá ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́yìn dọ́gba díẹ̀. Gbogbo èyí ń fi kílò kún ọkọ̀, ó sì ń mú un rọra. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣe é.

Nípa ti awakọ̀, ìwà 911 lórí ilẹ̀ yíyọ̀ kò fara mọ́ ẹni tó ń yí ọkàn padà. Bí o bá ti wọ kọ́nà, tí ẹ̀rù bà ọ́, tí o sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lójijì, ìdí ọkọ̀ yóò yí wá síwájú, ọ̀gbun ló sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú títọ́, kí ó wá máa fi epo fà á jáde. Ní ibi tí ipa odò bá gé ọ̀nà kọjá, ó yẹ kí ó tẹ bíréèkì kí ó tó dé etí rẹ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀ kí imú ọkọ̀ tó wọlé, kí ọkọ̀ lè gbé orí rẹ̀ sókè; ẹni tó bá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bọ́ sínú rẹ̀ ni yóò fi imú gbá òdì kejì. Lórí ọ̀nà tí ìwé ọ̀nà nìkan ló wà fún, ohùn Mathias ló ń sọ ibi tí ipa odò bẹ́ẹ̀ wà, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó tú bíréèkì sílẹ̀.

Àtakò kan wà tó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n lè sọ pé ìṣẹ́gun 2011 kì í ṣe èyí tí wọ́n pàdánù ní 1974, pé kò sí ilé iṣẹ́ Peugeot tàbí Joginder níbẹ̀, pé sísùn lálẹ́ àti títún ọkọ̀ ṣe kí ọjọ́ tó mọ́ ti mú ìdajì oró Safari kúrò. Òótọ́ ni. Kò sí ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje àgbáyé tí a lè kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n àtúnṣe alaalẹ́ yẹn gan-an ló fi ìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀: nígbà tí àwọn mẹkáníìkì ní àyè láti wo apá irin náà kí ó tó já, tí àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà sì ti fi ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn, eré tí Porsche ti ń sá láti ọdún 1971 wá di èyí tó dé ibi ìparí níwájú gbogbo ènìyàn.

Waldegård kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Porsche 911 láti gáréèjì Tuthill tún gba East African Safari Classic. Ẹni tó wà á ni Stig Blomqvist, ọmọ Súwídìn, akọni àgbáyé ọdún 1984, ẹni ọdún 69.